Ṣé torí búrẹ́dì ni wọ́n ṣe yìnbọn ní Malta?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Búrẹ́dì ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́ níbí. Ọmọ mi ní àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa èèyàn ní Malta nítorí owó búrẹ́dì. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni búrẹ́dì ṣe wá di ọ̀rọ̀ ìjọba?
Ìyá Oníbúrẹ́dì

ÌDÁHÙN: Màmá wa, ẹ kú ọjà o. Òótọ́ lọmọ yín sọ.

Malta ò tóbi rárá, inú òkun ló wà nísàlẹ̀ Ítálì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti dé ibẹ̀ láti 1800, wọ́n sọ ọ́ di ibùdó ọkọ̀ ogun wọn. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó àlìkámà wọlé, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní fi máa parí owó búrẹ́dì ti gbẹ́nu sókè, owó iṣẹ́ ò sì bá a gòkè. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, tí fùláwà bá ti wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ń tà ni wọ́n máa kọ́kọ́ bínú sí. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn ará Malta ṣe ya lọ sílé àwọn tó ń lọ àlìkámà. June 7, 1919 nìyẹn, ní Valletta, ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn, èèyàn mẹ́rin bá a lọ. Wọ́n ṣì ń gba ọludé ọjọ́ yẹn títí dòní.

Ṣùgbọ́n búrẹ́dì nìkan kọ́ o. Lọ́jọ́ yẹn gan-an làwọn aṣojú wọn ń ṣèpàdé ní Valletta kan náà, wọ́n fẹ́ máa ṣèjọba ara wọn. Ní 1921 àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún wọn ní ilé aṣòfin, àmọ́ ọ̀rọ̀ ológun ṣì wà lọ́wọ́ òyìnbó, ó sì di 1964 kí wọ́n tó gba òmìnira.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti èdè. Èdè Ítálì ni wọ́n fi ń ṣẹjọ́ fún tálákà tí ò gbọ́ ju èdè Malta lọ, àfi ní 1934 tí èdè wọn tó di èdè ìjọba. Kì í ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn wọn o, ọwọ́ Ítálì ni wọ́n fẹ́ gé kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Malta di èdè náà mú, òun ni wọ́n ń sọ nílé aṣòfin àti ní kọ́ọ̀tù lónìí, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì mílíọ̀nù lọ.

Mo ti jókòó ní kọ́ọ̀tù kan ní Àkúrẹ́ níbí rí, ẹjọ́ oko ìyá àgbàlagbà kan ni, ẹnu lọ́yà ló kàn ń wò títí ògbufọ̀ fi dá sí i. Oko tiẹ̀ o! Abala 97 nínú òfin ilẹ̀ wa sì gba Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti máa lo Yorùbá mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i. Màmá, tí aṣòfin yín bá wá tọrọ ìbò ní Ọjà Ọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í léèrè.