Argon wúwo ju potassium lọ, kí ló dé tó fi wà níwájú ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. SS2 ni mo wà ní Òṣogbo níbí, sáyẹ́ǹsì ni mò ń ṣe. Tíṣà wa ní ká há element ogún àkọ́kọ́ sórí, mo ti há a, mo lè kà á láti orí hydrogen dé orí calcium láì mí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti bi mí pé group wo ni ọ̀kan nínú wọn wà báyìí, ojú wọn ni mo máa ń wò. Èkejì, mo rí i pé argon jẹ́ 40, potassium jẹ́ 39, argon ló sì ṣáájú. Ṣé ìwé ló ṣìṣe ni àbí èmi ni ò mọ̀ ọ́n kà? Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tètè dá mi lóhùn, a máa ṣe test láìpẹ́.

Ìdáhùn: Ìwé ò ṣìṣe o, ìwọ náà ò sì ṣìṣe. Ká sòótọ́, ìbéèrè kejì yẹn dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọ̀pọ̀ ọmọ tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìn lágbègbè Òkè-Fíà níbí ló ti wo àpótí méjèèjì yẹn lórí periodic table, ìyẹn àtẹ tí wọ́n to àwọn element sí (element ni nǹkan tó jẹ́ pé oríṣi átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀), kọjá láìmọye ìgbà tí wọn ò kíyè sí nǹkan kan. Torí náà ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, tó bá ti yé ẹ, ti group yẹn ò ní le mọ́.

Wo àpótí potassium dáadáa. Nọ́ńbà méjì ló wà níbẹ̀, 19 àti 39. Ìwé kan á gbé èyí tó kéré sókè, òmíì á gbé e sísàlẹ̀, má jẹ́ kíyẹn dà ẹ́ láàmú, èyí tó kéré yẹn ni iye proton. Àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù, hóró tín-ín-tín tí element fi ṣe, ni proton ń wà, níbi tí wọ́n ń pè ní nucleus, òun ló sì ń sọ ohun tí átọ́ọ̀mù jẹ́. Wúrà tí wọ́n ń wà lápá Iléṣà àti wúrà tó wà lọ́rùn ìyàwó olówó ní Dubai, proton 79 ló wà nínú átọ́ọ̀mù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Yọ ẹyọ kan kúrò, ó ku 78, kì í ṣe wúrà mọ́ nìyẹn, platinum ni. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

Neutron ńkọ́? Inú nucleus yẹn lòun náà wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bákan náà pẹ̀lú proton, ṣùgbọ́n kò ní charge (agbára iná tí proton ní) kankan, kò sì lè yí orúkọ átọ́ọ̀mù padà, ìwúwo nìkan ló ń fi kún un. Electron ló wà níta, ìwúwo tiẹ̀ ò tó nǹkan rárá, nǹkan bíi 1,836 electron ló máa tó wúwo tó proton kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tá a fi ń fò ó tá a bá ń ṣírò ìwúwo. Nítorí náà 39 tó o rí yẹn, proton àti neutron tá a rò pọ̀ ni.

Ó yá, bọ́ sórí argon. Proton 18 ló ní, èyí tó pọ̀ jù nínú argon tó wà nínú afẹ́fẹ́ ní neutron 22, àròpọ̀ ẹ̀ 40. Potassium ní proton 19, èyí tó pọ̀ jù nínú tiẹ̀ ní neutron 20, àròpọ̀ ẹ̀ 39. Argon wúwo jù lóòótọ́, ṣùgbọ́n proton ẹ̀ fi ẹyọ kan dín, proton ni wọ́n sì fi to periodic table, wọn ò fi ìwúwo tò ó.

Àwọn àgbà kẹ́místìrì gan-an ti bá irú wàhálà yìí jà o. Mendeleev, ará Rọ́ṣíà tó gbé tiẹ̀ jáde lọ́dún 1869, ìwúwo ló fi tò ó, element 63 péré ni wọ́n sì mọ̀ nígbà yẹn. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ tellurium àti iodine, tellurium ló wúwo jù, bẹ́ẹ̀ iodine ló ń hùwà bíi chlorine àti bromine, ló bá kúkú gbé iodine lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ẹ̀, ó ní àfàìmọ̀ káwọn tó wọn tellurium má ti ṣi ìwọ̀n. Wọn ò ṣì í. Ó di 1913 kí ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Moseley, tó fi X-ray yẹ àwọn element wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì hàn gbangba pé charge tó wà nínú nucleus, ìyẹn iye proton, ni nọ́ńbà tó yẹ ká fi tò wọ́n. Ogun Àgbáyé kìíní ló pa á ní Gallipoli lọ́dún 1915, ọmọ ọdún 27 péré. Tí mo bá dé ibẹ̀ nínú kíláàsì ó máa ń dùn mí ṣáá.

Kí n tó kúrò lórí ìwúwo, wọ́n á fún ẹ ní chlorine 35.5 lọ́jọ́ kan, wàá wá máa ronú pé ta ló rí ààbọ̀ neutron rí. Kò sí ààbọ̀ kankan. Chlorine oríṣi méjì ló wà, 35 àti 37, proton 17 làwọn méjèèjì ní, neutron ló yàtọ̀ (isotope ni wọ́n ń pè wọ́n), nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ 35, ọ̀kan tó kù jẹ́ 37. 35 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 105, fi 37 kún un, 142, pín in sí mẹ́rin, 35.5 ló máa jáde.

Ó wá kan group, ìyẹn ìlà tó wá láti òkè sísàlẹ̀ lórí àtẹ yẹn. Tí átọ́ọ̀mù ò bá tíì fún ẹnikẹ́ni ní electron tí kò sì tíì gbà, iye electron ẹ̀ àti iye proton ẹ̀ dọ́gba. Àwọn electron yẹn sì ní bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ṣó o mọ bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò ní Old Garage, méjì ló ń jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, táwọn yẹn bá ti kún lèrò tó kù á bọ́ sẹ́yìn. Shell ni wọ́n ń pe ìpele táwọn electron ń jókòó sí; shell àkọ́kọ́ náà, méjì ló ń gbà. Ìkejì ń gbà mẹ́jọ. Ìkẹta, ní tìwọ tó ò tíì kọjá calcium, mẹ́jọ ni kó o fi síbẹ̀, kó o kó ìyókù sí ìkẹrin.

Mú potassium, 19: 2, 8, 8, 1. Shell mẹ́rin ló lò, period 4 (ìlà kẹrin nínú àwọn tó lọ láti òsì sí ọ̀tún) nìyẹn. Electron kan ló wà lórí shell tó gbẹ̀yìn, group 1 nìyẹn. Chlorine, 17: 2, 8, 7, period 3, group 7, ìwé míì á pè é ní group 17 torí wọ́n ka ìlà mẹ́wàá àwọn transition metal (àwọn irin tó wà láàárín àtẹ) mọ́ ọn, èyí tí ìwé kíláàsì yín ń lò ni kó o kọ. Argon, 2, 8, 8, ti kún, kò wá ẹnikẹ́ni, group 0 tàbí 18. Helium ni kó o ṣọ́ra fún, electron méjì ló ní ṣùgbọ́n kì í ṣe group 2, méjì yẹn náà ni shell ẹ̀ lè gbà, ó ti kún, ọ̀dọ̀ argon ló ń jókòó. Má sì gbé ọgbọ́n yìí kọjá calcium o, scandium tó jẹ́ 21 báyìí, 2, 8, 9, 2 ni, tó o bá fi tipátipá kọ 2, 8, 8, 3, o ti wọ igbó.

Lithium, sodium, potassium, ẹyọ kan ló gbẹ̀yìn gbogbo wọn, ó sì ń yá wọn lára láti fún ẹlòmíì ní ẹyọ yẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wà lójú kan. Tí lab yín bá ní sodium, inú kẹrosíìnì ni wọ́n máa rì í sí, ọ̀bẹ lásán ń gé e, ojú ibi tí wọ́n gé á dán fún ìgbà díẹ̀ kó tó ṣú. Tí tíṣà bá ju èyí tí ò tó hóró ẹ̀wà sínú omi, á yọ́ di róbótó, á máa sáré kiri lójú omi pẹ̀lú ariwo ṣììì títí á fi tán. Potassium tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, iná aláwọ̀ àlùkò ló máa yọ lójú ẹsẹ̀, má dán an wò fúnra ẹ o. Wàá wá ní, ṣebí potassium ló wà nínú eérú èèpo kòkó táwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, kí ló dé tíyẹn ò gbiná nínú omi? Ìyẹn ti fún ẹlòmíì ní electron ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ion (átọ́ọ̀mù tó ti fúnni ní electron tàbí tó ti gbà) ló ti dà, kò ní nǹkan tó ń bá a jà mọ́.

Ibi ion yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pàdánù máàkì. Sodium tó ti fúnni ní electron kan ku 10, bíi ti neon, wọ́n á ní ó ti di neon. Ó ti dà bí? Ka proton ẹ̀, 11 ṣì ni, sodium ni.

Fún test yẹn, fi orin yẹn sílẹ̀ ná, mú pépà, kọ 1 dé 20, kó o pín electron ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí shell láìwo ìwé. Fi imí ọjọ́ (sulphur) bẹ̀rẹ̀, proton 16. Tó o bá rí 2, 8, 6, period 3, group 6, o gbà á, tí nǹkan míì bá jáde, fi bó o ṣe pín in ránṣẹ́ sí mi kí n wo ibi tó ti yà.