Gẹ̀gẹ̀: ta ló ní ká ṣẹ́ díẹ̀ kù?

Ìbéèrè: Dókítà, òkun o. Láti Kàbà ni mo ti ń kọ̀wé. Gẹ̀gẹ̀ ìyá mi ti wú lọ́tùn-ún lósì, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Lọ́kọ́jà ní kí wọ́n yọ ọ́ pátápátá. Àwọn àbúrò rẹ̀ yarí. Wọ́n ní kí wọ́n ṣẹ́ díẹ̀ kù lápá méjèèjì kí ohùn rẹ̀ má baà lọ. Èwo ni ewu rẹ̀ kéré?

Ìdáhùn: Òkun, àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ “ṣẹ́ díẹ̀ kù” yìí ti sú mi í gbọ́.

Kì í ṣe bí ohun tí a gé ṣe pọ̀ tó ló ń ba ohùn jẹ́. Thyroid, ẹṣẹ́ tó ń wú di gẹ̀gẹ̀, dà bí labalábá tó na ìyẹ́ méjèèjì mọ́ gògóńgò. Iṣan ohùn kan gba ẹ̀yìn ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan kọjá, tín-ín-rín bí òwú. Bí a bá yọ ìyẹ́ kan tí a ò fọwọ́ kan èkejì, iṣan kan ṣoṣo la fi wewu. Ìdajì tó wúlò nìyẹn, àrùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lápá kan. Ti ìyá yín ò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ṣẹ́ díẹ̀ kù níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, iṣan méjèèjì la ṣì mú ọ̀bẹ sún mọ́. Kí la wá rí gbà sílẹ̀? Èyí tó kù tún lè wú. Ẹni tó bá padà wá, inú àpá la óò ti máa wá iṣan yẹn, gbogbo rẹ̀ á ti lẹ̀ pọ̀ bí àmàlà tó jóná mọ́ ìkòkò. Iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí gan-an ló léwu fún ohùn ju àkọ́kọ́ lọ.

N ò sọ pé yíyọ pátápátá ò ní ewu tirẹ̀ o. Ẹṣẹ́ kéékèèké, mẹ́rin lọ́pọ̀ ìgbà, tó tó hóró ìrẹsì, wà lẹ́yìn thyroid. Àwọn ló ń ṣètò calcium inú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá fara pa, ètè àti orí ìka á máa ṣe é bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Kó tètè sọ fún nọ́ọ̀sì. Calcium la fi ń tọ́jú rẹ̀, ti ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń bọ́ sípò. Yóò máa lo levothyroxine, oògùn tó ń ṣe iṣẹ́ thyroid tí a yọ, lójoojúmọ́ títí ayé.

Yálà ìdajì la yọ tàbí odidi, bí ọrùn bá wú tí èémí sì ń há ní wákàtí 24 àkọ́kọ́, ẹ pariwo pe dókítà. Ẹ má ṣe gbé e lọ sílé kíákíá.

N ò fọwọ́ kan ọrùn ìyá yín, n ò rí síkáànì rẹ̀; ọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ló borí tèmi. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí i. Ẹ bi dókítà yẹn bóyá ó ti wo okùn ohùn rẹ̀, kí ẹ sì bi í láìtijú pé: gẹ̀gẹ̀ mélòó lẹ yọ lọ́dún tó kọjá?