Èsì: Sistá, ìgbàgbọ́ yín ò lọ o

Ẹ kú ìrọ́jú o, sistá mi. Ẹ ní látìgbà tí dádì àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ kímò, ìyẹn ìtọ́jú oògùn fún jẹjẹrẹ, àdúrà ò wá sẹ́nu yín mọ́, pé ṣé ìgbàgbọ́ yín ló ti lọ nìyẹn. Kò lọ jàre. Ẹ ka Sáàmù 13, Dáfídì fúnra ẹ̀ ń bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Nígbà tí ayé sú Èlíjà tó ní kóun kú, áńgẹ́lì ò wàásù fún un o, oúnjẹ àti omi ló gbé wá, ó jẹun tán ó tún padà sùn (1 Àwọn Ọba 19). Ẹ̀yin náà ẹ sùn, káwọn ará ìjọ máa gbàdúrà ọ̀hún, kẹ́ ẹ ṣáà máa ṣàmín.

Àwọn tó ní kí dádì má gbabẹ́rẹ́ kímò mọ́, ẹ má dá wọn lóhùn rárá. Pọ́ọ̀lù fi Tírófímù, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ Olúwa, sílẹ̀ nínú àìsàn ní Mílétù (2 Tímótì 4:20), kò sọ pé ìgbàgbọ́ ẹ̀ kéré.

Kí dádì má gbààwẹ̀ o, kẹ́ni tó ní ọ̀fìnkìn má sì wọlé wá gbọ́wọ́ lé wọn lórí, torí kímò máa ń jẹ́ kí kòkòrò àrùn tètè ráyè wọ ara. Tí ara wọn bá gbóná dé ìwọ̀n 38 Celsius lórí tẹmómítà, ì báà jẹ́ òru, ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré gbé wọn lọ, ẹ gbàdúrà nínú mọ́tò.