Ṣé Rọ́ṣíà àti Ukraine ṣì jọ ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí Sófíẹ̀tì túká ní 1991?

Wọ́n jọ ṣe é dáadáa. Ilé-iṣẹ́ Yuzhmash ní ìlú Dnipro ní Ukraine ló ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì Zenit, ṣùgbọ́n Rọ́ṣíà ni RD-171, ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ti ń wá. Baikonur, ibùdó tí wọ́n ti ń yìn ín, sì ti bọ́ sọ́wọ́ Kazakhstan. Ta ló fẹ́ dá a ṣe?

Wọ́n tún sọ R-36M, ohun ìjà Sófíẹ̀tì, di rọ́kẹ́ẹ̀tì Dnepr tó ń gbé sátẹ́láìtì. Inú kòtò ló ti ń jáde: gáàsì á tì í sókè ná, kí ẹ́ńjìnnì tó gbiná. Nàìjíríà náà jẹ nínú rẹ̀ o, òun ló gbé NigeriaSat-2 ní 17 oṣù kẹjọ, 2011, láti Yasny ní Rọ́ṣíà.

Ìjà Rọ́ṣíà àti Ukraine ní 2014 ló ba àjọṣe yìí jẹ́. Dnepr fò kẹ́yìn ní 2015.