Báwo la ṣe máa mọ̀ pé training tí wọ́n ṣe fáwọn nọ́ọ̀sì wa l'Óṣogbo ṣiṣẹ́?
Tẹ́ẹ̀sì ọjọ́ yẹn nìkan ò tó o, ká má tíì sọ fọ́ọ̀mù tí gbogbo èèyàn máa ń kọ "ó dáa gan-an" sí torí owó transport. Ní ọsibítù Haydom ní Tanzania, wọ́n fi ọjọ́ 1 kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń ran ọmọ tuntun tí ò mí lọ́wọ́, wọ́n ṣe é dáadáa lára ọmọláńgidi àmọ́ ìwádìí tó jáde ní 2013 fi hàn pé nǹkan ò yí padà nídìí ìgbẹ̀bí gangan, ìgbà tí wọ́n wá ń ṣe ìdánrawò kékeré lemọ́lemọ́ níbi iṣẹ́ ni ikú ọmọ tuntun dínkù. Torí náà ẹ lọ wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kẹ́ ẹ sì fi rẹ́jísítà wé ti tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí sẹ́ńtà tí ò tíì gba training, bóyá n'Ìlobù, ẹ fi wé tiwọn náà.