Wọ́n Gbé Devers Lọ, Ìbejì Mi Ń Jà: Ta Ló Jàre?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Worcester ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Àwọn ìbejì mi ọkùnrin máa pé ọmọ ọdún méjìlá láìpẹ́, bésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n sì fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Red Sox ti Boston ni ẹgbẹ́ wọn. Lọ́dún 2024 mo ra jẹ́sì Rafael Devers, eléré ẹgbẹ́ náà, fún àwọn méjèèjì. Nígbà tó di oṣù Kẹfà 2025, ẹgbẹ́ gbé ọkùnrin náà fún San Francisco. Láti ọjọ́ náà ni ilé mi ò ti rójú. Táyé ní ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni, pé ọmọ tí wọ́n tọ́ láti kékeré kì í ṣe ẹni tí à ń fi ṣe pàṣípààrọ̀. Kẹ́hìndé ní Devers ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á, pé wọ́n ní kó lọ dúró níbì kan, ó ní òun ò lọ. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lèmi mọ̀. Níbẹ̀, bí agbábọ́ọ̀lù ò bá gbà, wọn ò lè tà á. Ta ló jàre nínú àwọn ọmọ yìí? Ọjọ́ ìbí wọn ń bọ̀, jẹ́sì ni wọ́n tún ń bèèrè. Orúkọ ta ni kí n rà tí owó mi ò ní ṣòfò?

Bàbá Ìbejì, Worcester

Ìdáhùn

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ibi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí ẹ ti mú ọ̀rọ̀ wá ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń rú ọ̀pọ̀ nínú wa lójú. Ìṣirò owó àwọn eléré ìdárayá ni iṣẹ́ mi, kò sì sí ìbéèrè tí àwọn ará ilé máa ń bi mí tó èyí.

Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹgbẹ́ méjì á dúnàádúrà, agbábọ́ọ̀lù náà á sì jókòó bá ẹgbẹ́ tuntun sọ ọ̀rọ̀ owó tirẹ̀. Bó bá ní rárá, ó parí nìyẹn. Ti bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé àdéhùn ni àwọn ẹgbẹ́ ń gbé fún ara wọn, eléré sì ń tẹ̀ lé ìwé. Iye tó wà nínú rẹ̀ kì í yí padà, ẹni tó máa san án ló ń yí padà. Wọ́n á pe ọkùnrin náà lórí fóònù, á di ẹrù rẹ̀, ó di ìlú mìíràn. Ọ̀nà méjì péré ló ní láti kọ̀. Ó lè ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọn ò gbọdọ̀ gbé òun lọ láìgba àṣẹ òun, tàbí kó ti lo ọdún mẹ́wàá nínú líìgì ńlá, kí márùn-ún tó kẹ́yìn jẹ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ọdún 2017 ni Devers wọ líìgì ńlá, kò sì ní irú gbólóhùn yẹn nínú ìwé rẹ̀. Wọn ò ní láti bi í.

Ohun tó ń fa gbogbo ìjà yìí, ọdún mẹ́fà kan ni. Bí ọmọdé bá wọ líìgì ńlá, ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ ló ni ín fún ọdún mẹ́fà. Bí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, owó tó kéré jù lọ nínú líìgì ni wọ́n sábà máa ń san fún un. Ní 2025, ẹgbẹ̀rún 760 dọ́là ni. Ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó lè gbé ẹgbẹ́ lọ síwájú àwọn onílàjà láti béèrè fún àfikún. Lẹ́yìn náà, ó di olómìnira, ibi tó bá wù ú ló lè lọ, ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lọ́wọ́ òfo. Ìdí nìyẹn tí ọdún karùn-ún àti ìkẹfà fi máa ń le. Àwọn olólùfẹ́ ti mọ orúkọ ọmọ náà, wọ́n ti ra jẹ́sì rẹ̀, wọ́n ti rí i bó ṣe dàgbà lójú wọn. Ẹgbẹ́ ní tirẹ̀ ń wo kàlẹ́ńdà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Mookie Betts, torí òun ni egbò tó wà lára Boston kí ti Devers tó dé. Ọmọ Nashville ni. Boston mú un lọ́dún 2011, ní ìpele karùn-ún ìyàn àwọn ọ̀dọ́, ìyẹn ni pé gbogbo ẹgbẹ́ ló ti fojú fò ó lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n tọ́ ọ. Ní 2018, òun ni eléré tó dára jù lọ ní líìgì American, ọ̀kan nínú apá méjì tí líìgì ńlá pín sí, Boston sì fi í gba World Series, ìyẹn ife tó ga jù lọ, lọ́wọ́ Dodgers ti Los Angeles. Ní oṣù Kejì 2020, ẹni ọdún 27 ni, ọdún kan ṣoṣo ló kù kó di olómìnira, Boston sì gbé e fún Dodgers yẹn gan-an, pẹ̀lú David Price. Eléré mẹ́ta ni wọ́n gbà padà: Alex Verdugo, Jeter Downs àti Connor Wong.

Kí ló dé? Owó orí. Líìgì yìí ò ní òdiwọ̀n owó tí ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ kọjá, àmọ́ ó ní ìlà kan. Ẹgbẹ́ tó bá kọjá ìlà náà á san owó orí lórí ohun tó lé. Mílíọ̀nù 208 dọ́là ni ìlà ọdún 2020. Boston ti kọjá ìlà lẹ́ẹ̀mejì léra, ní 2018 àti 2019. Bí wọ́n bá kọjá lẹ́ẹ̀kẹta, dọ́là kọ̀ọ̀kan tó bá lé máa fa àádọ́ta sẹ́ǹtì owó orí. Betts nìkan máa gba mílíọ̀nù 27 lọ́dún yẹn, owó Price sì tún wúwo lọ́rùn wọn. Wọ́n fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ ìlà, Betts sì ni ẹrù tí ẹlòmíràn máa gbà láìjiyàn.

Èrò mi lórí èyí ò tíì yí padà láti ọdún yẹn: àṣìṣe ni. Kì í ṣe nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ẹgbẹ́ tálákà lè ní òun ò lágbára, ṣùgbọ́n Boston kì í ṣe tálákà. Pápá Fenway máa ń kún, tẹlifíṣọ̀n wọn ń pawó. Dodgers fún Betts ní àdéhùn ọdún 12 àti mílíọ̀nù 365 ní oṣù Keje 2020, kó tó gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo fún wọn nínú ìdíje. Wọ́n gba ife lọ́dún yẹn, wọ́n tún gbà á ní 2024 àti 2025. Boston ṣe ìkẹyìn nínú ẹ̀ka wọn ní 2020. Downs gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 14 péré fún wọn kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ. Verdugo lo sáà mẹ́rin, wọ́n sì gbé e fún Yankees ti New York. Wong nìkan ló kù. Nígbà tí Betts padà wá sí Fenway pẹ̀lú ẹ̀wù Dodgers lóṣù Kẹjọ 2023, mo wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo pápá dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún àlejò. Mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ìlẹ̀kẹ̀ wà nílé lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ bá ka ibi tí mo dé yìí fún Táyé, á fò sókè. Ẹ ní kó jókòó ná.

Ọjọ́ 31 oṣù Keje 2004, ọjọ́ Sátidé ni, mo wà ní ilé onígbàjámọ̀ kan ní Dorchester. Rédíò ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní Boston ti gbé Nomar Garciaparra fún Chicago Cubs. Onígbàjámọ̀ náà pa ẹ̀rọ tó fi ń gé irun mi. Ó dúró sẹ́yìn mi pẹ̀lú ẹ̀rọ lọ́wọ́, ìdajì orí mi ti gé, ìdajì wà bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fọhùn. Garciaparra kì í ṣe eléré lásán fún àwọn ará Boston. Àwọn ló mú un ní 1994, òun ló ṣáájú gbogbo líìgì American nínú ìwọ̀n bọ́ọ̀lù gbígbá ní 1999 àti 2000, ọmọ wọn ni. Bàbá àgbà kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọ fìlà rẹ̀, ó jáde, kò gé irun mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti ń dun Garciaparra lọ́dún náà, kò fi bẹ́ẹ̀ rìn dáadáa nínú pápá mọ́, àdéhùn rẹ̀ sì máa parí ní ìparí sáà. Theo Epstein, ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó ń darí ọ̀rọ̀ eléré nígbà náà, rí i pé ààbò àárín pápá ló ń pa ẹgbẹ́ lára. Orlando Cabrera àti Doug Mientkiewicz ni ó gbà wọlé, méjèèjì mọ bọ́ọ̀lù mú dáadáa. Lọ́jọ́ kan náà, nínú òwò mìíràn, ó gba Dave Roberts lọ́wọ́ Dodgers, ọkùnrin tó yára lẹ́sẹ̀. Nígbà tí Yankees ti nà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ìdíje tí ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹ́rin ló ń gbà á, tí ìkẹrin náà ń lọ, Roberts ló sáré jí bésì kejì lójú gbogbo ayé, ìyẹn ni pé ó sá dé ibùdó kejì nínú pápá láìdúró de ẹni tó máa gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yí padà. Boston gba ife lẹ́yìn ọdún 86. Mientkiewicz ló di bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn mú. Roberts yìí náà ló sì ń kọ́ Dodgers nígbà tí Betts dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹgbẹ́ kan náà, ẹkún kan náà lẹ́nu àwọn olólùfẹ́, èsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń ní kí àwọn tó ń jiyàn kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sílẹ̀ ná, kí wọ́n béèrè ọdún tó kù nínú àdéhùn, ohun tó wọlé ní pàṣípààrọ̀, àti ibi tí owó tó tú sílẹ̀ gbà lọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú mi. Bí owó bá padà sínú pápá, ẹ fara balẹ̀. Bó bá wọ àpò olówó ẹgbẹ́, ẹ bínú, ẹ lẹ́tọ̀ọ́.

Ó wá ku Devers. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, torí kì í ṣe àdéhùn tó ń parí ló lé e lọ. Ní oṣù Kìíní 2023 ni wọ́n fún un ní ọdún mẹ́wàá àti mílíọ̀nù 313.5. Nígbà tó di 2025, wọ́n gba Alex Bregman wọlé, wọ́n sì gba bésì kẹta, ibi tí Devers ń ṣọ́, lọ́wọ́ rẹ̀ fún un, kí Devers máa gbá bọ́ọ̀lù nìkan láìdúró nínú pápá. Ó dùn ún, ó sọ ọ́ jáde. Lóṣù Karùn-ún, ẹni tó ń ṣọ́ bésì àkọ́kọ́ ṣèṣe, wọ́n ní kó wá gbà á, ó ní òun ò ṣe. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, lọ́jọ́ tí wọ́n parí nína Yankees lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra ní Fenway, tí òun fúnra rẹ̀ gbá home run, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó fò kọjá odi pápá, wọ́n gbé e lọ. Eléré mẹ́rin ni wọ́n gbà, San Francisco sì gba gbogbo gbèsè àdéhùn náà, ó lé ní mílíọ̀nù 250.

Kẹ́hìndé jàre lórí bésì àkọ́kọ́. Ẹni tó gba irú owó bẹ́ẹ̀ yẹ kó ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́ nígbà ìpọ́njú. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́. A kì í gba àga lábẹ́ àgbà láìjókòó bá a sọ ọ́ dáadáa, ká tún wá padà bẹ̀ ẹ́ lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà. Táyé náà ò sì jàre pátápátá, torí Boston wọ ìdíje ìparí ọdún ní 2025, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 2021, láìsí Devers. Yankees ló lé wọn jáde. Ìdájọ́ tó kù wà lọ́wọ́ mílíọ̀nù 250 yẹn: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa wo àwọn tí wọ́n bá fi rà.

Nípa jẹ́sì, Roman Anthony ni kí ẹ rà fún ọ̀kan. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Worcester tiyín níbẹ̀ kó tó gòkè lọ sí Boston lóṣù Kẹfà 2025, lóṣù Kẹjọ ó fọwọ́ sí ọdún mẹ́jọ àti mílíọ̀nù 130, tó bẹ̀rẹ̀ láti 2026. Àdéhùn gígùn kì í ṣe ògiri, ti Devers gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n owó yìí kò wúwo débi tí ẹgbẹ́ á fi máa wá ẹni tó máa bá wọn gbé e. Fún ìkejì, ẹ ra David Ortiz, nọ́ńbà 34. Ó ti fẹ̀yìn tì, ẹnikẹ́ni ò lè gbé e lọ mọ́. Ẹ sì sọ fún Táyé pé Boston kọ́ ló tọ́ ọ. Minnesota ló jẹ́ kó lọ ní 2002, Boston gbà á láìfi eléré kankan ṣe pàṣípààrọ̀, ó sì di àyànfẹ́ ìlú náà títí dòní.

Ẹ má sọ jẹ́sì Devers nù o. Ẹgbẹ́ méjèèjì máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ilé ẹnìkan lọ́dún yìí, ilé ìkejì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. San Francisco ló gbàlejò ní 2025, ọdún 2026 kan Fenway. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, kí àwọn ọmọ wọ jẹ́sì àtijọ́ yẹn lọ. Bí ọkùnrin náà bá jáde wá gbá bọ́ọ̀lù, ẹ má sọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún wọn. Bí Táyé bá dìde pàtẹ́wọ́, tí Kẹ́hìndé jókòó, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.