Kì í ṣe ọ̀lẹ ni yín, olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Noforija ni mo ti gba NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, ọdún keje sì rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọ 41 ni ó wà ní kíláàsì mi, èmi nìkan ni mo sì ń dá wọn bójú tó láti aago méje àbọ̀ òwúrọ̀ títí di ìgbà tí àwọn ìyá tí ń ta ẹja bá ti ọjà dé wá mú ọmọ wọn. Láti táàmù tó kọjá ni n kò ti rí oorun sùn dáadáa; bí ọmọ kan bá bú sẹ́kún báyìí, àyà mi á já. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jágbe mọ́ ọmọ kan tí ó tọ̀ sára títí ó fi ń gbọ̀n, mo sì lọ sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọkọ mi ní kí n gbàdúrà sí i. Ọ̀gá wa ní kí ni ó le nínú orin ABD. Ṣé orí mi ti fẹ́ dàrú ni?

Olùkọ́ kan, Ẹ̀pẹ́.

ÌDÁHÙN

Olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, orí yín kò dàrú. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka irú àárẹ̀ yìí mọ́ ohun tí másùnmáwo ibi iṣẹ́ ń fà bí ó bá pẹ́ lára ènìyàn tí a kò bójú tó o: agbára á tán, ọkàn á kúrò lára iṣẹ́ tí a fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, á sì dà bí ẹni pé a kò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Wọn kò pè é ní àìsàn, nítorí náà inú iṣẹ́ gan-an ni ó yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní orin ni ẹ ń kọ kò mọ̀ pé ẹni tí ń rẹ ọmọ 41 lẹ́kún níláti kọ́kọ́ gbé ẹkún tirẹ̀ mì, lójoojúmọ́, láìsí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tilẹ̀ lè lọ tọ̀. Àdúrà dára, èmi náà ń gbà á, ṣùgbọ́n ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ fi ọmọ 25 sí ọwọ́ olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan, àdúrà kò sì ní bá wa dín 41 kù.

Nígbà tí ẹ bá padà lọ bá ọ̀gá yín, ẹ má kàn sọ pé ó rẹ̀ yín. Ẹ kọ iye ọmọ àti iye wákàtí sínú ìwé, kí ẹ sì béèrè fún olùrànlọ́wọ́ kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ìsinmi ní ọ̀sán, àti pé kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀ láti dúró de àwọn òbí tí ń pẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ẹ máa wá iṣẹ́ síbòmíràn.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ẹ̀pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí ẹ sì sọ ti àìrí oorun sùn fún dókítà. Bí ìbànújẹ́ bá wà lára yín fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, tí ohunkóhun kò wù yín mọ́ nílé pàápàá, tàbí tí èrò ikú bá ń wá, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ má sì ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Wọ́n lè ní kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yaba. Láti ọdún 1907 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ti ń bẹ̀rù orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń ti ilé lọ rí dókítà níbẹ̀ tí wọ́n sì ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà.

Ní ti ọmọ tí ẹ jágbe mọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín àti tirẹ̀ ṣe déédéé, kí ẹ sọ fún un pé ìtọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Kí ẹ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ pẹ̀lú, láti ẹnu ara yín, nígbà tí ó bá wá mú un.